Ìrìn-Àjò Iyanrìn láti Orí Òkè dé Etí Òkun



Bí ẹ bá dé etí òkun, ẹ bu iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí i pé hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ òkúta kékeré. Níbo ni ó ti wá? Ta ni ó fọ́ ọ kéékèèké bẹ́ẹ̀? Ta ni ó gbé e dé ibẹ̀?

Ìbéèrè yìí lè dà bí ìbéèrè ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí ilé fi ń wó sínú òkun ní Kùtọnu, ní Grand-Popo àti ní Aného. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé iyanrìn náà láti ilé rẹ̀. Orí òkè ni ilé rẹ̀ wà.

Òkúta pàápàá a máa gbó

Bí a bá ń gbàdúrà fún ẹnì kan, a máa ń sọ pé kí ara rẹ̀ le koko bí ọta. Òótọ́ ni pé ọta le. Ṣùgbọ́n kò sí òkúta tí kì í gbó.

Ẹ wo àwọn òkè Ṣábẹ àti ti Ìdáàṣà. Òkúta wọn ti pé ju mílíọ̀nù ọdún 500 lọ. Orí ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ó gbóná gidigidi, ni wọ́n ti dì kí wọ́n tó hàn síta. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti hàn ni àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin kan ti ń fọ́ wọn, tí wọn kò sì sinmi.

Òṣìṣẹ́ kìíní ni oòrùn. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta a gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò lè tẹ̀ ẹ́. Ní òru, ó tutù. Ohun tí ó gbóná a máa fẹ̀, ohun tí ó tutù a máa súnkì. Bí òkúta ti ń fẹ̀ tí ó ń súnkì lójoojúmọ́, ara rẹ̀ a là.

Òṣìṣẹ́ kejì ni ìtúsílẹ̀ ẹrù. Nígbà kan rí, ilẹ̀ púpọ̀ ni ó tẹ òkúta náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀, òkúta náà nà ara rẹ̀ díẹ̀, ó sì là ní ìpele ìpele. Ìdí nìyí tí àwọn òkè wa fi rí roboto, tí èèpo ńláńlá sì ń ṣí kúrò lára wọn bí èèpo àlùbọ́sà.

Òṣìṣẹ́ kẹta ni gbòǹgbò igi. Irúgbìn kékeré kan yóò bọ́ sínú ojú ibi tí òkúta ti là. Yóò hù. Gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa tóbi, yóò sì máa ti òkúta sọ́tùn-ún sósì títí tí yóò fi ya.

Òṣìṣẹ́ kẹrin ni òjò, òun ni ó sì lágbára jù lọ nínú wọn. Omi òjò máa ń gba ìkan díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ àti láti ara ewé tí ó ti jẹrà. Ìkan yìí kò tó ohun tí ahọ́n wa lè mọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ òkúta, díẹ̀ díẹ̀. Apá kan lára òkúta a yọ́ sínú omi, a bá omi lọ. Apá kan a di amọ̀. Irin tí ó wà nínú òkúta a dógùn-ún, a sì di pupa. Irin tí ó dógùn-ún yìí ni ó jẹ́ kí ilẹ̀ Kétu, ilẹ̀ Pọ́bẹ̀ àti ilẹ̀ Sakété pupa bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó le jù nínú òkúta, tí omi kò rí jẹ, ni hóró funfun tí ó ń dán. Iyanrìn nìyẹn.

Nítorí náà, amọ̀ tí ìyá yín fi ń mọ ìkòkò àti iyanrìn tí kánríkánrí rẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Òkúta ni ó bí àwọn méjèèjì.

Òkè kò gùn sókè, ilẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti gúúsù tí ó rí òkè Ìdáàṣà lè rò pé òkè náà ti ilẹ̀ hù bí olú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà láéláé, ilẹ̀ tí ó yí i ká ga ju bí ó ti wà lónìí lọ. Òkúta tí kò le tó, tàbí tí ó ní ojú ibi tí ó là púpọ̀, ni omi rí jẹ. Ó di amọ̀ àti iyanrìn, omi sì gbé e lọ. Èyí tí ó le, tí kò là púpọ̀, ni ó ṣẹ́kù. Òkè kò kúrò níbi tí ó wà. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó lọ.

Ohun tí ó ṣẹ́kù yìí gba ẹ̀mí àwọn baba wa là. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ará Ìdáàṣà àti àwọn ará Ṣábẹ a máa sá lọ sí orí òkè àti sí àárín àpáta. Títí di òní, ìlú olókè 41 ni a ń pe Ìdáàṣà. Bákan náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe lọ tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, tí wọ́n sì pe ìlú wọn ní Abẹ́òkúta.

Kétu kò ní òkè. Ilẹ̀ pupa tí ó tẹ́jú ni ó ní. Àwọn ará Kétu gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú wọn ká, wọ́n fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi, wọ́n sì ṣe ẹnu ọ̀nà Akaba Ìdẹ̀nà sí i. Odi náà gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886 ogun Dàhọ̀mì fọ́ ìlú náà. Ẹ rí i pé bí ilẹ̀ ṣe rí máa ń wọ inú ìtàn ènìyàn. Ẹni tí ó ní àpáta sá sí àpáta. Ẹni tí ó ní erùpẹ̀ fi erùpẹ̀ ṣe odi.

Bí ilẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀

Òkúta ti di erùpẹ̀ ná. Báwo ni erùpẹ̀ ṣe ń kúrò ní orí òkè?

Ọ̀nà kìíní kò yá rárá. Erùpẹ̀ tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún. Ojú wa kò lè rí i bí ó ti ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí àmì rẹ̀: igi tí ìdí rẹ̀ tẹ̀, òpó ọgbà tí ó fì, ògiri tí ó sán ní apá ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àgbàrá. Òjò ńlá a máa bọ́ ojú ilẹ̀, a sì máa gbẹ́ kòtò. Lọ́dún yìí kòtò náà lè má ju ibi tí ọmọdé lè fò lọ. Bí a kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ó lè di ọ̀gbun tí ó ń gbé oko àti ilé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀nà kẹta ni ó ń dẹ́rù bani. Nígbà tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, omi a kún inú erùpẹ̀ tí ó bo òkúta. Erùpẹ̀ náà a wúwo. Omi a tún máa yọ̀ láàárín rẹ̀ àti òkúta. Lójijì, ẹ̀gbẹ́ òkè kan yóò já, yóò sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlú Freetown ní orílẹ̀-èdè Sàró rí irú rẹ̀. Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ ní ọdún 1800 sókè, lẹ́yìn tí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrú. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún 1822 ni ó dé ibẹ̀. Àwọn òkè gíga ni ó yí ìlú náà ká, erùpẹ̀ rírà tí ó nípọn sì bo òkúta wọn. Bí èrò ti ń pọ̀ sí i, àwọn ènìyàn gé igi orí òkè, wọ́n sì kọ́ ilé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ òkè kan já ní apá Regent ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sùn. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju 1,000 lọ.

Òjò ni ó ṣe é, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igi tí a gé àti ilé tí a kọ́ síbi tí kò yẹ bá òjò dá sí i.

Odò ni ọkọ̀ tí iyanrìn wọ̀

Nígbà tí erùpẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀ òkè, odò a gbà á. Amọ̀ fúyẹ́, omi a gbé e lọ jìnnà. Iyanrìn wúwo, ìsàlẹ̀ odò ni ó ń gbà, ó ń yí lọ díẹ̀ díẹ̀ nígbà tí omi bá kún.

Odò Ọ̀pàrá àti odò Ouémé ni ó ń gba ti ilẹ̀ Ṣábẹ. Púpọ̀ nínú ẹrù wọn kì í dé òkun. Nígbà tí omi bá kún, wọ́n a tú amọ̀ sórí ilẹ̀ àfonífojì Ouémé, ìyẹn sì ni ó ń sọ ilẹ̀ oko ibẹ̀ di ọlọ́ràá. Èyí tí ó kù a rì sínú ọ̀sà Nokoué, lẹ́bàá Kùtọnu.

Odò Mono yàtọ̀. Ó ń gba àárín ilẹ̀ Tógò kọjá, ó sì ń gba omi ilẹ̀ Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ èdè wa ń gbé. Ó ń gbé iyanrìn dé òkun ní apá Grand-Popo. Odò tí ó lágbára jù lọ ní apá ibí ni Volta ní ilẹ̀ Gánà. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, Volta ni ó pèsè púpọ̀ nínú iyanrìn tí ó wà ní etí òkun Tógò àti ti Bẹ̀nẹ̀.

Báwo ni iyanrìn Volta ṣe dé Kùtọnu? Òkun ni ó gbé e. Apá gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì òkun wa ti ń wá. Kì í kọlu etí òkun ní tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà wọlé. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọlu ilẹ̀, ó ń ti iyanrìn díẹ̀ sí apá ìlà oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn ń rìn láti Keta dé Lomé, láti Lomé dé Aného, láti Aného dé Grand-Popo, láti Grand-Popo dé Kùtọnu, kí ó tó máa lọ sí ìhà Èkó.

Iyanrìn tí ń kọjá lọ́nà yìí ju mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin 1 lọ lọ́dún kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kí ó yé wa. Ẹ ronú àpótí kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Ẹ kó irú rẹ̀ 10 sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ọkọ̀ náà yóò rìn ní ìgbà 100,000 kí ó tó kó mílíọ̀nù 1 tán. Òkun ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún láìgba owó.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: etí òkun wa kì í ṣe ohun tí ó dúró lójú kan. Ó dà bí ọjà. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀. Bí ẹni tí ń bọ̀ bá tó ẹni tí ń lọ, ọjà náà kún. Bí a bá dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ń bọ̀, ọjà yóò tú.

Ọwọ́ ènìyàn wọ inú ọ̀ràn náà

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè sún mọ́ etí òkun wa, nítorí ìgbì rẹ̀ le. Lójú òkun ni ó ti ń dúró. Àwọn atukọ̀ a máa fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá lọ kó ẹrù. Ọ̀pọ̀ ẹrù àti ènìyàn ni ó bọ́ sómi.

Nítorí èyí, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ̀fù Kùtọnu ní ọdún 1891. Àwọn Jámánì sì ṣí ti Lomé ní ọdún 1904. Wọ́ọ̀fù dà bí afárá tí ó wọ inú òkun lọ. Ó dúró lórí òpó irin. Omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, iyanrìn náà sì ń kọjá. Kò dí ọ̀nà.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn orílẹ̀-èdè wa fẹ́ èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè wọ̀. Kò burú, nítorí ìlú tí kò ní èbúté kò lè ṣòwò bí ó ti yẹ. Wọ́n ṣí èbúté Kùtọnu ní ọdún 1965, ti Lomé sì tẹ̀lé e ní ọdún 1968. Èbúté ń fẹ́ omi tí ó parọ́rọ́. Nítorí náà wọ́n to òkúta ńláńlá di ògiri tí ó wọ inú òkun lọ. Ògiri yìí kò ní abẹ́ tí iyanrìn lè gbà.

Ní àkókò kan náà, wọ́n ń sé odò. Ní ọdún 1965 ni ilẹ̀ Gánà sé Volta ní Akosombo láti fi ṣe iná mànàmáná. Ní ọdún 1987, wọ́n sé Mono ní Nangbéto fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Iná wá, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí odò ń gbé bọ̀ rì sẹ́yìn ògiri náà. Kò dé òkun mọ́.

Òkun gba ohun tirẹ̀

Ẹ rántí pé ìgbì kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí kò rí iyanrìn tuntun gbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tí ó bá nílẹ̀.

Ní ìwọ̀ oòrùn èbúté Lomé, iyanrìn kó jọ, etí òkun sì fẹ̀ sí i. Ní ìlà oòrùn rẹ̀, òkun jẹ ilẹ̀ lọ. Ó gé ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Lomé lọ sí Aného, wọ́n sì ní láti la ọ̀nà mìíràn sẹ́yìn. Ilé, ọgbà àgbọn àti ibojì àwọn baba ńlá bá a lọ.

Bákan náà ni ní Kùtọnu. Ẹ̀yìn èbúté ní ìwọ̀ oòrùn gba ilẹ̀ tuntun. Apá Akpakpa ní ìlà oòrùn pàdánù òpópónà pẹ̀lú ilé tí ó wà lórí rẹ̀. Ní Grand-Popo, púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò kọ́ ti wà nínú òkun.

Bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ jọ ohun tí a rí lórí òkè. Ìgbì a gbẹ́ ìdí etí ilẹ̀. Orí rẹ̀ a dúró láìní ẹsẹ̀. Nígbà tí kò bá lè gbé ara rẹ̀ mọ́, a ya lulẹ̀ pẹ̀lú igi àgbọn tí ó wà lórí rẹ̀. Ìgbì kejì a kó erùpẹ̀ náà lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí mìíràn.

Kí a má parọ́ mọ́ èbúté àti ìdènà odò nìkan. Òkun ti ń jẹ ìlú Keta ní Gánà kí wọ́n tó sé Volta. Ilé odi tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1784 wó lápá kan ní ọdún 1980. Omi òkun gbogbo ayé sì ń ga sí i, nítorí ayé ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò dá tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí a tún gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ lè sọ pé, «Èmi kò kọ́ èbúté, èmi kò sé odò. Kí ni ó kàn mí?»

Ó kàn wá. Ní ọdún púpọ̀, etí òkun ni a ti ń kó iyanrìn tí a fi ń kọ́ ilé ní Kùtọnu àti ní Lomé. Ẹni tí ó wa á ta rí owó díẹ̀ fi bọ́ ọmọ. Ẹni tí ó rà á rí ilé gbé. Ṣùgbọ́n òkun wá gba ilé mìíràn dípò rẹ̀. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó iyanrìn etí òkun, wọ́n sì ní kí a máa wa ti ọ̀sà àti ti odò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, ẹ bi ẹni tí ń ta iyanrìn fún yín pé, níbo ni ó ti wà á?

Wọ́n tún ń to apá òkúta sínú òkun láti dá iyanrìn dúró. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n tò ó sí. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó dúró lọ́dọ̀ mi kò lè dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a dáàbò bo àdúgbò kan, tí òkun sì kọjú sí èkejì. Ìdí nìyí tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ náà pọ̀ láti ọdún 2018, pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní etí òkun yìí. Òkun kò mọ ibodè.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè náà ní iṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ ebè sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kọ ọ́ dábùú òkè, kí ó lè dá omi dúró. Ẹ má kọ ọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀nà ni ẹ là fún àgbàrá yẹn. Ẹ fi igi sílẹ̀ ní orí òkè àti ní bèbè odò. Ẹ dí kòtò àgbàrá nígbà tí ó ṣì kéré. Bí ẹ bá rí i tí ilẹ̀ sán lókè ilé yín nígbà òjò, tí igi sì ń fì, ẹ má dúró. Ẹ kó ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ó wà lórí òkè, ẹni tí ó wà lẹ́bàá odò àti ẹni tí ó wà ní etí òkun, ará ilé kan ni wọ́n. Iyanrìn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún jókòó ní ẹgbẹ́ ìkàwé yín, ẹ bi ara yín pé: ní abúlé wa, ibo ni ilẹ̀ ti ń lọ? Ta ni ó ń gbà á? Kí ni a lè ṣe kí òjò tó ń bọ̀ tó dé? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.